Ó Fi Àpótí Omi Ṣe Orogún

Obìnrin kan jowú àpótí omi. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀. Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ náà síbí, pé bóyá ẹnì kan á rí i kà kó tó kọ́wọ́ bọ irú ohun tí òun kọ́wọ́ bọ̀. Ó kàn bẹ̀ wá pé ká má dárúkọ òun, a sì gbà.

Aránṣọ ni. Ọkọ rẹ̀ ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, Ẹnjiníà ni gbogbo oníbàárà ń pè é. Àwọn ọmọ wọn ti kúrò nílé, ọ̀kan ti lọ sílé ọkọ, èkejì wà níléèwé tó jìnnà. Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́, ó ku ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan.

Ọ̀sán ni àkókò àwọn méjèèjì nígbà náà. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, Ẹnjiníà á ti ṣọ́ọ̀bù, á wá sílé wá jẹun. Á jókòó sórí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀, á máa sọ̀tàn àwọn oníbàárà tó gbé fíríìjì wá tí wọ́n ní kò tutù, àṣé wọn kò tì í mọ́ná. Aránṣọ á rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ á fi fẹ́ gún un lọ́wọ́.

Ìgbà tó yá ni Ẹnjiníà kọ́ ilé onígíláàsì sẹ́yìnkùlé. Gíláàsì ni ògiri, gíláàsì ni òrùlé, oòrùn ń wọ ibẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn aládùúgbò rò pé ẹ̀fọ́ ló fẹ́ gbìn. Àfi bó ṣe gbé àpótí gíláàsì kan wọlé, ó gùn débi pé àgbàlagbà méjì lè nà gbalaja sínú rẹ̀. Ó pọn omi kún un, ó po iyọ̀ òkun mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó iyùn síbẹ̀.

Iyùn ààyè ni o. Iyùn tí àwa mọ̀ sí ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn, ẹlẹ́mìí làwọn ẹbí rẹ̀ nínú òkun. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń la ẹnu wọ́n sì ń pa á dé. Àwọn kan rí bí olú, àwọn kan bí ìka ọwọ́ tó ń juwọ́ síni. Pupa wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé wà, àwọ̀ àlùkò wà, ẹja kéékèèké sì ń sá gba àárín wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ á là, kò ní tètè rántí pa á dé.

Ẹnu aránṣọ náà là. Inú rẹ̀ dùn gan-an níbẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ òun náà wà níbẹ̀. Iyùn fẹ́ oòrùn, àmọ́ oòrùn ọ̀sán gangan á pa wọ́n lábẹ́ òrùlé gíláàsì. Ẹnjiníà wá ní kó bá òun rán aṣọ ibòji kan tí wọ́n lè fà bo ojú àpótí náà lọ́sàn-án. Ó rán an, ó fi òrùka irin sí etí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì fi í kọ́ sórí wáyà lábẹ́ òrùlé. Bí èèyàn bá fa okùn kan báyìí, aṣọ á sáré tẹ́ rẹrẹ, òrùka á máa dún ṣìnrìnrìn.

Ẹnjiníà gbójú sókè wo aṣọ náà, ó ní, “Aránṣọ mi, ìwọ lo bò wọ́n lórí o.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Àmọ́ ọ̀sán ti parẹ́. Ẹnjiníà kò wá sílé jẹun mọ́. Ó ní tóun bá ṣiṣẹ́ ọ̀sán mọ́ ọn, òun á lè tètè ti ṣọ́ọ̀bù, kí ìmọ́lẹ̀ tó lọ. Lóòótọ́, ó máa ń tètè dé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Àpò iṣẹ́ ṣì máa wà léjìká rẹ̀ tí á ti na ọwọ́ sínú omi. Okùn ọ̀sán wá di iṣẹ́ ìyàwó.

“Oúnjẹ yín ti tutù.”

“Mò ń bọ̀.”

“Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.”

“Jọ̀ọ́, bá mi gbé e wá síbí.”

Bí oníbàárà bá béèrè pé Ẹnjiníà ńkọ́, aránṣọ á ní, “Ó wà lọ́dọ̀ ìyàwó kékeré.” Ojú oníbàárà á yọ. Á wá mú un lọ sẹ́yìnkùlé lọ fi àpótí omi hàn án, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó pẹ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ tuntun tó rán fún ara rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé onígíláàsì, kò sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí ọkọ òun kọ́kọ́ rí òun.

Ẹnjiníà gbójú sókè lóòótọ́. Ó ní, “Jọ̀ọ́, kúrò níbẹ̀ yẹn. Òjìji rẹ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀.”

Ó kúrò níbẹ̀. Ó wọlé lọ bọ́ aṣọ náà, kò sì wọ̀ ọ́ mọ́ títí di òní.

Àkókò yẹn náà ni àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Eyínmẹ́nugún ni aránṣọ sọ ọ́, torí pé tó bá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ a máa wu èèyàn. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ilé ìtajà oògùn kan nítòsí wọn, wọ́n ṣì ń dán an wò, kò sì síbòmíràn tó lè máa gbé tí á fi lè máa débi iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ràn aránṣọ, ó sì fẹ́ràn àpótí omi. Ó mọ ẹja kọ̀ọ̀kan mọ́ ìwà.

“Ìyàwó wa, ẹ wo eléyìí, ìgbéraga ẹ̀ pọ̀ jù.”

“Ẹja tún ń gbéraga?”

“Ẹ wò ó bó ṣe ń wò wá! Bí ẹni pé àwa la wà nínú omi.”

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó wà láàárín wọn ju ìfẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dun obìnrin náà títí di bí a ṣe ń wí yìí.

Iṣẹ́ ńlá kan wá dé fún Ẹnjiníà nílùú mìíràn. Wọ́n fẹ́ kó wá to ẹ̀rọ sí àwọn yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ dídì sí, á sì gbà á tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó tó lọ, ó kó àwọn obìnrin méjèèjì jọ sínú ilé onígíláàsì.

Ó kọ́kọ́ kọjú sí àbúrò rẹ̀. “Oúnjẹ ẹja àti pọ́ńpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, ọwọ́ rẹ ló wà. Omi tí oòrùn bá fà, omi lásán ni kó o fi dí i o, má fi iyọ̀ sí i. Omi nìkan ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ.”

Ó wá fi pákó fífẹ̀ kan dábùú ojú àpótí náà láti etí kan dé èkejì, kí ọmọ náà lè rí ibi fara tì tó bá ń fún ẹja lóúnjẹ. Pákó tí òun fúnra rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ lé tó bá fẹ́ na ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ omi ni, ó sì máa ń gbé e kúrò tó bá ti ṣe tán. Lọ́tẹ̀ yìí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ìwọ, okùn yìí nìkan. Tí oòrùn bá ti dé àtàrí, fà á. Tó bá rọlẹ̀, tú u. Ìwọ ni ọkàn mi balẹ̀ sí jù.”

Nígbà tó ń jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì náà pẹ́pẹ́, bí ẹni ń dágbére fún ọmọ. Inú ọkọ̀ ló ti juwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ rí méjèèjì.

Ẹnjiníà ń pè lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ṣé wọ́n la ẹnu lónìí?”

“Wọ́n là á.”

“Eléyìí tó pupa ńkọ́?”

“Òun náà là á.”

“Ó dáa. Jẹ́ kí n bá àbúrò mi sọ̀rọ̀.”

Ibà wá mú aránṣọ. Ara rẹ̀ gbóná, orí ń fọ́ ọ, kò lè tẹ ẹ̀rọ. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀sán tó, ó rọ́jú dìde, ó fọwọ́ ti ògiri dé ẹ̀yìnkùlé, ó fa okùn. Nígbà tí fóònù dún lálẹ́, ó ti pinnu pé òun á sọ fún un.

“Ara mi ò yá o. Ibà ni. Mi ò lè gbé orí sókè.”

“Ha, pẹ̀lẹ́. O ti lo oògùn?”

“Eyínmẹ́nugún bá mi rà á.”

“Pẹ̀lẹ́ o. Oòrùn ti ń mú níbí gan-an. Ṣé o rántí fa aṣọ?”

Ó gbé fóònù fún Eyínmẹ́nugún, ó sì kọjú sí ògiri. Omijé jáde lójú rẹ̀, ó rin ìrọ̀rí. Ó ní ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, bí òun bá kú sórí ibùsùn yìí, ọkọ òun yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò máa fa okùn.

Ibà náà lọ. Ìbínú kò bá a lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Eyínmẹ́nugún ti lọ síbi iṣẹ́. Aránṣọ wọ ilé onígíláàsì, ooru ibẹ̀ lù ú lójú, ó fọwọ́ mú okùn. Kí ó kàn fà á ló kù. Àwọn ẹja rí i, wọ́n sáré wá sójú omi, wọ́n rò pé oúnjẹ ló gbé wá.

“Kí lẹ̀ ń wò?” ló bi wọ́n.

Ó wo àwọn iyùn náà níbi tí wọ́n ti la ẹnu sílẹ̀, tí wọ́n ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú omi, tí wọn kò mọ ohun tó ń lọ. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ gbọkọ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí oòrùn bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.”

Ó fi okùn sílẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Apá aṣọ oníbàárà kan tó ń rán lọ́wọ́, òdìkejì ló rán an sí, ó tún tú u, ó sì tún rán an sódì.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó sáré lọ wò wọ́n. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Pupa ṣì pupa, ẹja ṣì ń sá kiri. Ó mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ká ní iyùn tètè ń ké ni, ká ní ó ń sunkún bí ọmọdé, obìnrin yìí ì bá ti fa okùn lọ́jọ́ kejì, kò bá sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó sọ sínú ni pé, “Àṣé gbogbo àkẹ́jù yìí, lásán ni!” Ó wá rí i bí ẹni pé ọkọ òun ti fi irọ́ kan dá òun jókòó láti ọjọ́ yìí wá.

Kò fà á lọ́jọ́ kejì. Kò fà á lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìbínú kọ́ mọ́ nígbà yẹn. Ó ní ó ń dùn mọ́ òun ni. Tí ọ̀sán bá tó, á pọn omi tútù sínú ife, á jókòó, á nasẹ̀, á máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀sán ti padà di tirẹ̀.

Ara gíláàsì àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀tí, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tí oòrùn àpọ̀jù máa ń hù sínú omi. Ó bò ó títí èèyàn kò fi rí inú mọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ ti gba gbogbo àkókò Eyínmẹ́nugún, ilẹ̀ á ti máa ṣú kó tó dé, á kàn ju oúnjẹ fún ẹja lójú omi, á lọ sùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó tètè dé ni aránṣọ gbọ́ igbe.

“Ìyàwó wa! Ìyàwó wa, ẹ sáré wá!”

Ó sáré dé ibẹ̀. Ọmọ náà dúró lórí àpótí kékeré kan, ó ń wo inú omi láti òkè, ó fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo iyùn tí ojú wọn ká láti òkè ti funfun, funfun bí egungun. Àwọn tó máa ń juwọ́ kò juwọ́ mọ́. Ẹran ara wọn ń ṣí kúrò, ó ń léfòó.

“Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀ ń fa aṣọ lọ́sàn-án?”

“Lójoojúmọ́ ni,” ni aránṣọ wí. Kò mọ bí ó ṣe jáde lẹ́nu òun.

Eyínmẹ́nugún bú sẹ́kún. “Èmi ni, nígbà náà. Yéè! Èmi ni mo pa wọ́n.”

“Báwo?”

“Mo yọ wáyà pọ́ńpù láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n lè fi iná ibẹ̀ lọ aṣọ iṣẹ́ mi. Mo gbàgbé. Ìgbà tí mo dé ẹnu títì ni mo tó rántí, mo sáré padà wá tì í. Mo rò pé kò pẹ́, mi ò mọ̀ pé... Ìyàwó wa, Ẹ̀gbọ́n mi á lé mi.”

Aránṣọ mọ̀ pé irú ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe omi ní ohunkóhun. Ó mọ ohun tó pa iyùn. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó ń pa á lẹ́kún, ó ń sọ pé, “Ó tó, ó tó, Eyínmẹ́nugún mi.” Inú ara rẹ̀ sì fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ìfúyẹ́ yẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù jù tóun bá rántí.

Ẹnjiníà dé lójijì, torí àbúrò rẹ̀ ti fi ẹkún sọ fún un lórí fóònù pé nǹkan ti bàjẹ́. Ojú ọjọ́ ti ń ṣú. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bó ṣe máa ń ṣe, ó tan iná, ó wo omi láti òkè. Ó pa iná náà, ó wọlé, ó jókòó.

“Ta ló máa sọ fún mi?”

Eyínmẹ́nugún kúnlẹ̀, ó sọ ti wáyà.

“Fún ìgbà tó o fi rìn dé ẹnu títì? Ìyẹn ò lè ṣe é,” ni Ẹnjiníà wí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Aránṣọ, aṣọ ńkọ́?”

Ẹ gbọ́, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún obìnrin yìí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló kù.

“Mo ń fa aṣọ,” ló wí. Nígbà tó rí i pé ojú ọkọ òun kò kúrò lára òun, ó fi kún un. “Kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ mọ́. Ọjọ́ kan wà tí mo dé láti ibi tí mo lọ, mo bá wáyà yẹn ní yíyọ. Mi ò mọ ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo tì í.”

Eyínmẹ́nugún gbójú sókè. “Ìyàwó wa?”

Aránṣọ rí i lójú ọmọ náà bó ṣe ń ronú, bó ṣe ń bi ara rẹ̀ bóyá òun tún yọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn tí òun kò rántí. Ọmọ náà gba ọ̀rọ̀ ìyàwó wọn gbọ́ ju tara rẹ̀ lọ.

“Kó ẹrù rẹ,” ni Ẹnjiníà wí. “Màmá ń bẹ nílé, lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ mi ńkọ́? Ibẹ̀ jìnnà, mi ò lè máa...”

“Mo ní kó o kó ẹrù rẹ.”

Ní kùtùkùtù, kí ó tó wọkọ̀, Eyínmẹ́nugún wá kí aránṣọ. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Àti pé ẹ máa rántí omi lásán o, ẹ má fi iyọ̀ sí i.” Ó lọ.

Ẹnjiníà kò wọ ilé onígíláàsì mọ́. Ó ní ojú òun kò gbà á. Tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, iwájú ilé ló ń jókòó sí. Ohun tí aránṣọ ń wá nìyí ná, ọkọ rẹ̀ wà nílé, ó jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin náà kò sọ̀tàn oníbàárà kankan, aránṣọ kò sì lè wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó ní òun á lọ fọ àpótí náà, kí òun kó àwọn ẹja fún ẹlòmíràn. Ọ̀sán gangan ló wọ ibẹ̀. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ, ó gbọ́ bó ṣe gbé pákó kúrò lójú omi. Ó gbọ́ nígbà tí ariwo dákẹ́.

“Aránṣọ. Wá wo nǹkan.”

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ ni. Inú obìnrin náà tiẹ̀ dùn bó ṣe ń lọ. Ó rò pé ọkọ òun rí ohun kan tó wù ú.

Ẹnjiníà ń wo ìsàlẹ̀ omi. Ibi tí pákó náà dábùú, láti etí kan dé èkejì, pupa wà níbẹ̀. Àwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Àlùkò wà. Gbogbo iyùn tó wà lábẹ́ pákó ló yè, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń juwọ́. Ibi tí pákó pin sí ni funfun ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ó gún régé bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà.

“Bí pọ́ńpù bá dúró pẹ́, tí atẹ́gùn tán nínú omi, kí ló máa kọ́kọ́ kú?”

“Mi ò mọ̀.”

“O mọ̀ ọ́n. Mo ti sọ fún ọ rí.”

“Ẹja.”

“Ka ẹja fún mi.”

Kò sí ẹja tó kú. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ń gbéraga yẹn.

“Àìsí atẹ́gùn ò mọ ibi tí pákó wà,” ni Ẹnjiníà wí. “Oòrùn nìkan ló mọ̀ ọ́n.”

“Bóyá okùn yẹn há nígbà kan...”

Ẹnjiníà na ọwọ́, ó fa okùn. Aṣọ tí aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ rán sáré tẹ́ rẹrẹ lókè wọn, òrùka dún ṣìnrìnrìn, ibòji bo àwọn méjèèjì. Kò sí ibi tó há.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Èmi ni,” ló wí. “Mi ò fà á.”

“Ìgbà mélòó?”

“Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fà á mọ́.”

“Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?”

“Ẹ ò béèrè ibà mi. Mo ní ibà ń ṣe mí, ẹ ní ṣé mo fa aṣọ. Ẹ ní òjìji mi bò wọ́n mọ́lẹ̀.” Ẹkún gbà á lẹ́nu. “Ẹ ò tiẹ̀ rí aṣọ tí mo wọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó ń lọ, ó hàn lójú Ẹnjiníà. Ó jókòó sórí àpótí kékeré tí àbúrò rẹ̀ máa ń dúró lé.

“Mo ṣe èyí tí mo ṣe yẹn,” ló wí. “Mo jẹ̀bi rẹ̀. Ká ní o gbé òòlù fọ́ gíláàsì yìí lójú mi ni, à bá jà, à bá parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kúnlẹ̀ síwájú rẹ, ó pè ọ́. O gbọ́ tó pè ọ́?”

“Mo gbọ́.”

“O wò ó lójú.”

Aránṣọ tẹrí ba.

“Lọ sọ fún un. Fúnra rẹ ni o. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́.”

Ó lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ìyá àgbà náà fayọ̀ kí i, wọ́n rò pé ó wá bá wọn pẹ̀tù sí aáwọ̀ ni.

“Ìyàwó mi, o káre. Bá mi wo àbúrò ọkọ rẹ. Ó ti sọ ara ẹ̀ di nǹkan míì. Gbogbo ibi tí iná wà nínú ilé yìí, ó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sùn, á tún dìde yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ ìlọṣọ, kò fọwọ́ kàn án mọ́.”

Eyínmẹ́nugún jáde láti yàrá. Ó ti rù. Aránṣọ kúnlẹ̀ síwájú ẹni tó lè bí ní àkọ́bí, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ọmọ náà kò bínú bó ṣe rò. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó mí, ó ní, “Àṣé orí mi pé.”

“Dárí jì mí. Padà wá sílé.”

“Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò mi níbi iṣẹ́, Ìyàwó wa. Àti pé...” Ó ń wá bí á ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dun aránṣọ. “Mo ti dárí jì yín. Àmọ́ mi ò lè gbé ilé kan náà pẹ̀lú yín mọ́. Tí ẹ bá tún sọ pé mo ṣe nǹkan, màá gbà pé mo ṣe é.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ kò bú u. Wọ́n ní, “O ṣeun tó o fẹsẹ̀ ara rẹ wá.” Wọ́n kò ní kó jókòó jẹun.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹnjiníà kò kó ẹja fún ẹnikẹ́ni mọ́. Iyùn tó yè lábẹ́ pákó ti ń ràn bọ̀ lọ́tùn-ún lósì, díẹ̀díẹ̀, lórí egungun àwọn tó kú. Kò lé ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó ń jẹ oúnjẹ tó bá sè, ó máa ń béèrè bí ara rẹ̀ ti ń ṣe, ó tiẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Ẹni tó bá wo wọn láti ìta á ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ṣùgbọ́n kò tún fún un ní okùn náà mọ́. Kò sọ pé kó má fà á, kò ṣẹ́jú burúkú sí i. Lójoojúmọ́ tí oòrùn bá ti dé àtàrí, á ti ṣọ́ọ̀bù, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á wá sílé.

Aránṣọ á wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, á gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé bá ṣí. Àpótí ìjókòó tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó lé ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kó aṣọ tó wà lórí àpótí náà kúrò. Á dá ẹ̀rọ dúró, á máa retí. Á gbọ́ òrùka tó ń dún ṣìnrìnrìn lórí wáyà, lẹ́yìn náà á gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń padà síbi iṣẹ́.